Kí o tó tẹ bọ́tìnì yẹn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lálẹ́ àná. O ní báńkì tún ti dá ọ padà, pé àwọn ayánilówó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan sì ní owó á wọlé láàárín wákàtí méjì, ó ku kí o tẹ bọ́tìnì. O ní kí n sọ tinú mi. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí mo mọ̀ ọ́, wàá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Jókòó kà á.

Mi ò ní bá ọ bú wọn o. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo gba iṣẹ́ aṣọ òṣìṣẹ́ tó ju agbára mi lọ, àwọn ló dá mi lóhùn. Báńkì ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá, kí n mú ìṣirò ọdún mẹ́ta tí oníṣirò owó fọwọ́ sí wá. Èmi tó jẹ́ pé ìwé ọmọ iléèwé tí òróró ẹ̀rọ ti ta sí ni mo ń kọ owó mi sí! Kì í kúkú ṣe pé báńkì kórìíra wa. Wàhálà tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó yá ènìyàn lówó kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti owó ńlá, èrè rẹ̀ ni kò tó nǹkan. Àlàfo yẹn làwọn ti orí íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ sí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Zopa bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2005, nígbà náà ó ń so ẹni tó lówó pọ̀ mọ́ ẹni tó fẹ́ yá a. Nígbà tó di 2010, ilé-iṣẹ́ Funding Circle gbé irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò kékeré níbẹ̀. Àwọn ayánilówó orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í bi ọ́ ní ìwé ilẹ̀. Àkáǹtì rẹ ni kọ̀ǹpútà wọn ń kà: mélòó ló ń wọlé, ṣé ó ń gbẹ kí oṣù tó parí. Kí n tó mu omi tán, wọ́n ti ní mo yege.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe máa gbà á padà ni ọ̀rọ̀ wà. Oníbàárà mi ní òun máa san owó lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́ tí mo bá ti kó aṣọ dé. Àwọn ayánilówó ń yọ tiwọn lójoojúmọ́. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni fóònù mi máa ń dún, n ò tíì fọ ẹnu, wọ́n ti yọ ọ́. Láyé àtijọ́, ológò máa ń wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni. Tèmi, inú àpò mi ló jókòó sí. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, owó òwú àti síìpù ni mo ń fi san án. Ọmọ tó ń bá mi gán bọ́tìnì, mo ní kó ní sùúrù di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní kò burú, àmọ́ kò wo ojú mi.

Wọn ò sì ní pè é ní èlé. Nínú ìwé tèmi, "1.3" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ó dà bí ohun kékeré. Ká ní 100 ni o yá, wàá san 130 láàárín oṣù mẹ́fà. Wàá sọ pé 30 lórí 100, ó ṣeé gbé. Àmọ́ gbogbo 100 yẹn kò ní wà lọ́wọ́ rẹ fún oṣù mẹ́fà. Láti ọ̀la ni o ti ń dá a padà. Tí oṣù kẹta bá fi máa parí, 65 ti kúrò lọ́wọ́ rẹ. Tí a bá ṣírò rẹ̀ bí báńkì ṣe ń ṣírò èlé ọdún, èlé orí 100 á lọ sí nǹkan bí 110. Èlé ju ojú owó lọ! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìṣirò yẹn, mo rò pé ẹ̀rọ ló ti bàjẹ́. Wọ́n tún lè yọ 5 lápá kan kí owó tó dé ọwọ́ rẹ, kí o gba 95, kí o sì san 130 náà. Tí o bá sì rí owó san tán ní oṣù kejì, 130 ṣì ni, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ pé wọ́n á dín in kù.

Má rò pé òfin á gbà ọ́. Amẹ́ríkà pàápàá ti ní òfin láti 1968 pé kí ayánilówó sọ iye èlé ọdún síta, àmọ́ ẹni tó yá owó fún ìlò ara rẹ̀ ló wà fún, kì í ṣe ti òwò. Ọdún 2018 ni ìpínlẹ̀ California níbẹ̀ tó ṣe tiẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kékeré. Bi wọ́n léèrè fúnra rẹ: gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, mélòó ni èlé rẹ̀ lọ́dún? Tí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, pa fóònù dé.

Àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀rin tí kò san án ti bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà. Àwọn wọ̀nyí kò mọ òwe yẹn. N ò tíì san ju ìlàjì lọ tí wọ́n fi kọ̀wé sí mi pé òmíràn ti wà nílẹ̀. Ọ̀fìn nìyẹn o. Inú owó tuntun ni wọ́n á ti yọ gbèsè tó kù, tòun ti èlé rẹ̀, wọ́n á sì tún bu èlé lé gbogbo rẹ̀. Wo ibi tí wọ́n ti ní kí ìwọ fúnra rẹ ṣe onídùúró náà: tí òwò bá dẹnu kọlẹ̀, ọrùn rẹ ni.

Ní tìrẹ, ohun méjì lo ní o fẹ́ fi owó náà ṣe. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bi ẹni tó ń tà á bóyá wàá lè máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìdógò. Owó ilé tó o jẹ, jọ̀ọ́, má yá owó ojoojúmọ́ san án, bẹ onílé. Kó o sì gba ìlàjì owó lọ́wọ́ oníbàárà kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú ló ń tì mí láti béèrè tèmi. Ìtìjú yẹn ló ná mi ní 30 lórí 100.

Ya fọ́tò ìwé àdéhùn yẹn, pàápàá ojú ewé tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní. Mo máa wà lójúfò, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ