Ẹ̀sùn lórí pépà ìdánwò peroxide tí ẹ tà fún wa

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtajà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Pépà ìdánwò peroxide tí a rà lọ́wọ́ yín kò ṣiṣẹ́, èsì tí òṣìṣẹ́ yín sì fọ̀ fún mi lórí fóònù ló wá bí mi nínú jù.

Ether àti THF (tetrahydrofuran), àwọn solvent, ìyẹn omi kẹ́míkà tí a fi ń yọ́ nǹkan, la máa ń tọ́jú sí lábù wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ ìgò wọn, peroxide á máa kóra jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àgàgà nínú THF tí kò ní BHT, èròjà tó ń dènà peroxide. Ojú lásán kì í sábà rí i. Ìgbà tí a bá ń se solvent náà, tó kù díẹ̀ kó gbẹ, ló lè bú gbàmù. Ìdí nìyí tí a kì í fi í gbé e kaná láìdán an wò.

Búlúù ló yẹ kí pépà náà dà bó bá kan peroxide, àmọ́ funfun ni tiyín ń wà ṣáá nínú gbogbo ìgò, títí kan THF ògbólógbòó kan tí a ti ṣí tipẹ́. Èyí fu mí lára. Mo bu hydrogen peroxide 3% tí wọ́n ń tà nílé oògùn, mo fi omi là á ní ìlọ́po 1,000, ó ku nǹkan bíi mg 30 nínú lítà kan. Mo ki pépà yín bọ̀ ọ́: funfun báláú! Èyí tó ṣẹ́kù nínú ike wa àtijọ́ di búlúù lójú ẹsẹ̀. Mo tún po potassium iodide mọ́ acetic acid, tí peroxide máa ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, mo da THF ọ̀hún sí i, ló bá pọ́n rúsúrúsú. Peroxide wà níbẹ̀ dáadáa.

Ìdérí ike tí ẹ kó wá ti sán, kò sì sí àpò kékeré tó ń fa omi mu nínú rẹ̀. Ọ̀rinrin ló ba ensáìmù ara pépà náà, ìyẹn èròjà tó ń mú kó yí àwọ̀, jẹ́, mi ò rò pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òṣìṣẹ́ yín ní, “Bí kò bá ti yí àwọ̀, solvent yín dára nìyẹn.” Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Tó bá jẹ́ pépà ló ti kú ńkọ́? Ó sàn kéèyàn má ní pépà rárá ju kó ní èyí tó ń purọ́ fún un.

Ẹ dá owó wa padà. Èyí tó ṣe kókó jù ni pé kí ẹ tètè kàn sí gbogbo ẹni tó ra irú ike yìí, kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé e láti gbé solvent kaná. Ní kíkọ ni mo fẹ́ èsì yín, kì í ṣe lórí fóònù mọ́.

Èmi ni,
Alábòójútó lábù