Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ọkàn Láti Kọ́ni

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi o.

Ẹ̀kọ́ kíkà wa tòní wà nínú Ẹ́kísódù 35, ẹsẹ 30 dé 35. Ọ̀pọ̀ wa mọ ìtàn Besaleli dáadáa: Ọlọ́run pè é lórúkọ, ó fi ẹ̀mí kún un, ó ń ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà àti idẹ, ó ń gé òkúta, ó ń gbẹ́ igi. Ibẹ̀ la sábà máa ń dákẹ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ẹsẹ 34. Ọlọ́run fi í sí i lọ́kàn láti máa kọ́ni, òun àti Oholiabu, ẹnìkejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ àgọ́ Olúwa. Ẹ̀mí kan náà tó fún un ní ọgbọ́n ọwọ́ ló fún un ní ọkàn tí kì í fi ọgbọ́n náà pamọ́.

Ọmọ ìlú wa kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ka ibẹ̀. Àìná Ọnàbólú ayàwòrán ni. Ìjẹ̀bú-Òde níbí la bí i sí ní 1882, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ogun Ìmàgbọn tí àwọn òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà. Lásìkò tó ń dàgbà, ìwé kíkà, ìṣirò àti Bíbélì nilé ìwé mọ̀. Akọ̀wé àti olùkọ́ ìjọ ni wọ́n ń wá. Ta ní fẹ́ kọ́ ọmọ ní àwòrán yíyà? Inú ìwé òyìnbó ló ti ń wo àwòrán tó ń dà á kọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, kò sì tí ì fẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kankan. Àwọn òyìnbó kan ń wí nígbà náà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá agbára aláwọ̀ dúdú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi dá wọn lóhùn. Ní 1920 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwòrán St John's Wood. Ó ti lé ní ẹni ọdún 35 dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọjọ́ ti lọ, ṣé ẹ gbọ́?

Ó dé ní 1922. Ì bá jókòó sÉkòó kó máa ya àwòrán àwọn ọlọ́lá, kó máa gbowó (ẹ má bínú, èmi náà ọmọ Alárè ni). Ó yà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwé ló fi ara rẹ̀ jìn fún: King's College, CMS Grammar School, láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ẹ̀kọ́ perspective ló tẹnu mọ́ jù, débi pé àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Mr Perspective. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń kọ́ wọn, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ wo àárín àga lọ títí dé pẹpẹ. Bákan náà ni ọ̀nà yẹn fẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n lójú yín, ńṣe ni yóò máa fún lọ, àga iwájú yóò sì kéré bí àpótí ìjókòó ọmọdé. Ohun tójú rí ni kọ́wọ́ yà, kì í ṣe èyí tórí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ìyẹn tó yé ọmọ ọdún 12, olùkọ́ á làágùn.

Èyí tó wú mi lórí jù lọ ni pé ó ń rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ àwòrán mìíràn kún òun. Ní 1927, Kenneth Murray dé láti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀: iṣẹ́ ọnà àwọn baba ńlá wa ló fẹ́ káwọn ọmọ máa wò, kì í ṣe ti òyìnbó. Lára àwọn tí Murray kọ́ ni Ben Enwonwu tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Ẹ̀yin ará, ta ló máa ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n mú ẹlòmíràn wá sídìí iṣẹ́ tóun nìkan mọ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ni mo ń bá wí. Ọmọ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bó bá kan ibi gígé aṣọ, ẹ ó rán an lọ sọ́jà Òkè-Ajé lọ ra òwú. Lọ́dún kẹta ẹ ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un, a ó jẹ ìrẹsì, a ó jó, ìyá rẹ̀ tó yáwó yóò máa kúnlẹ̀ dúpẹ́, ọmọ náà kò sì lè gé kọ́là. Mo mọ èsì yín: bó bá mọ̀ ọ́n tán, á lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú tèmi. Ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo náà ni Besaleli àti Oholiabu jọ ń ṣe.

Ẹnìkan bi mí bóyá àwòrán kì í ṣe ère. Ọlọ́run tó ní ká má forí balẹ̀ fún ère ní Ẹ́kísódù 20 ló ní kí wọ́n fi wúrà ṣe kérúbù méjì ní orí 25. Ìforíbalẹ̀ ni èèwọ̀.

Nítorí náà, a ń wá ẹni tó mọ àwòrán yà nínú ìjọ, kó máa kọ́ àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Ìjọ yóò ra bébà àti pẹ́ńsù. Kẹ́ni náà rí akọ̀wé ìjọ. Bí télọ̀ kan bá sì fẹ́ wá kọ́ wọn bí a ṣe ń gé kọ́là, àyè wà fún un.