Ẹ jẹ́ ká yéé fi ẹ̀bùn ra inúure lọ́wọ́ ọmọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn bébà kan já bọ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi ọmọ ọdún 7 sáré bẹ̀rẹ̀ ó ń bá mi ṣà á, ó tò ó pọ̀ dáadáa, ó gbé e fún mi, ó wá na ọwọ́ kejì, ó ní "Mọ́mì, kí lẹ máa fún mi?" Háà! Mi ò lè bá a wí, torí àwa la kọ́ ọ. Níléèwé wọn, ọmọ tó bá ṣoore wọ́n á lẹ sítíkà sí iwájú orúkọ ẹ̀, tó bá pé 10 ó gba ẹ̀bùn, èmi náà wá gbé e wálé, mo lẹ bébà sítíkà tiwa mọ́ ara fíríìjì.

Ẹ sì wò ó, inú ọmọ ni oore yẹn wà tẹ́lẹ̀. Ní 2006, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá méjì kan, Felix Warneken àti Michael Tomasello, ṣe ìwádìí kan ní Jámánì, wọ́n á jẹ́ kí nǹkan bọ́ sílẹ̀ níwájú ọmọ oṣù 18, wọ́n á máa nawọ́ sí i bíi pé ọwọ́ àwọn ò tó o, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ló lọ mú un wá fún wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣèlérí nǹkan kan. Ní 2008 wọ́n tún fi ọmọ oṣù 20 dán an wò, àwọn tí wọ́n ń fún ní ẹ̀bùn ni ìrànlọ́wọ́ wọn wá dín kù nígbà tí ẹ̀bùn dáwọ́ dúró, àwọn tí wọ́n kàn fẹnu yìn ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́, yinniyinni kẹ́ni ó ṣèmíì.

Ti ọpẹ́ náà ńkọ́? A ó fún ọmọ ní nǹkan, a ó ranjú mọ́ ọn, "Kí là ń wí?", á kùn ún lábẹ́ imú láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n nígbà tí àwa kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Mo ti já bébà ara fíríìjì yẹn. Ohun tí mo ń sọ báyìí ni "O ṣé tó o bá mi ṣà á, ẹ̀yìn ti ń ro mí tẹ́lẹ̀," kó mọ ohun tó ṣe fún mi gan-an.

Ẹ̀yin tíṣà, mo mọ̀ pé ọmọ pọ̀ lọ́rùn yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ ẹni tó ń gbá kíláàsì wọn, kí wọ́n máa fi orúkọ yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá ọlọ́mọ méjì