Ẹ Máa Kọ Ibi Tí Ayàwòrán Dúró Sí Sábẹ́ Fọ́tò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Fọ́tò ìpolongo ìbò tí ẹ gbé sójú ìwé àkọ́kọ́ láti Mápó níbí, tó fi hàn bí ẹni pé èrò kún ibẹ̀ fọ́fọ́, dára, ojú rẹ̀ mọ́. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun n'Ìbàdàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ í sọ.

Ìsàlẹ̀ pèpéle ni wọ́n há gbogbo àwa oníkámẹ́rà mọ́, nínú ọgbà onírin kékeré kan. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ ló kún iwájú wa bámú. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ á ní kó padà. Lẹ́ǹsì gígùn tí a sì ń lò níbẹ̀, ńṣe ló máa ń fa èrò mọ́ra: àwọn tí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá wà láàárín wọn á dà bí ẹni tó ń fi èjìká gún ara wọn. Mi ò sọ pé ayàwòrán yín purọ́ o. Ibi tí wọ́n há a mọ́, fọ́tò tó lè jáde níbẹ̀ nìyẹn.

Èmi yọ́ jáde nígbà tí wọ́n ń pín píọ̀ wọ́tà. Mo bẹ ìyá onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan kí wọ́n jẹ́ n gòkè. Èlùbọ́ tí wọn kò tíì lọ̀ ni Màmá sá sórí dẹ́kìn. "Gùn ún, àmọ́ tóo bá tẹ èlùbọ́ mi, wàá rà á tán." Mo bọ́ bàtà, mo fẹ̀yìn ti táńkì omi, ẹsẹ̀ mi kan wà lórí búlọ́ọ̀kù, wáyà NEPA sì dábùú ojú kámẹ́rà. Mi ò lè sún sọ́tùn-ún, èlùbọ́ ni. Mi ò lè sún sósì, etí dẹ́kìn ni, kò sì sí irin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé èrò kún lóòótọ́ dé ibi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà. Lẹ́yìn ibẹ̀, ilẹ̀ gbalasa ni, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó kù ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì tó kó wọn wá, wọ́n ń retí owó ọkọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹgbẹ́ kan ni mò ń bá jà. Gbogbo wọn ló ń há wa mọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n búra fún Donald Trump ní oṣù kìíní ọdún 2017, òkè Washington Monument, ọwọ̀n ìrántí kan tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 555, ni ayàwòrán ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters ti ya èrò. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Obama ní 2009, ni àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù. Bí agbẹnusọ ààrẹ ti ń jiyàn tó, aráyé mọ ibi tí kámẹ́rà wà, wọ́n sì fojú ara wọn wò ó.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ máa kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò ìpolongo: ibi tí ayàwòrán dúró sí, àti aago tó yà á. Èrò aago mọ́kànlá àti ti aago mẹ́ta kì í dọ́gba, pàápàá tí oúnjẹ bá ti tán. Ìlà kan ṣoṣo ni, kò ní gba àyè ìpolówó ọjà yín. Ẹ sì máa rán ẹnìkan lọ sókè, kí ẹ fún un lówó tí yóò fi tu onílé lójú. Dírónù, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé kámẹ́rà fò, kọjá agbára wa: èèyàn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè kó tó gbé e fò.

Fọ́tò tèmi wà nílẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ẹ. Wáyà NEPA wà lójú rẹ̀ o, mi ò sì ní yọ ọ́ kúrò.

Èmi ni,
Ayàwòrán kan,
Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.