Ìkéde fún Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù Wa: Kí Aláìsàn Má Ṣubú

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá ṣe lè gba 15 nínú 15 lórí Glasgow Coma Scale, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ń sọ bí aláìsàn ṣe jí sáyé tó, kó sì ṣubú síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kó fi ọwọ́ méjèèjì di tiyín mú gírígírí, ẹ ó mọ èyí tó rọ. Ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, ẹ tún un wọ̀n láàárín ìṣẹ́jú 3 tó bá dìde. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, ẹ dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Alẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù: ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n, ojú á sì máa tì í láti pè wá. Ẹ mú un lọ tọ̀ kó tó sùn, ẹ rẹ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ẹ ti bíréèkì rẹ̀.