Irọ́ ni nọ́ńbà tó wà lára bátìrì tọ́ọ̀ṣì

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Agbẹ̀bí ni mí ní ìgbèríko Òkè Ògùn. Iná ọba kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wa lóru, tọ́ọ̀ṣì la fi ń gbẹ̀bí.

Lóṣù tó kọjá, ìyá ọmọ kan ya níbi tó ti ń bímọ. Mo ń rán an lọ́wọ́ ni tọ́ọ̀ṣì orí mi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ló bá kú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi fóònù tànmọ́lẹ̀ fún mi tí mo fi rán an tán, ọwọ́ ìyá náà sì ń gbọ̀n.

Bátìrì tuntun ni o! 9,900 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú, ni wọ́n kọ sí i lára. Irú bátìrì yìí, tí wọ́n ń pè ní 18650, tó gùn ní mìlímítà 65 tó sì fẹ̀ ní 18, ògidì rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bí 3,600 lọ. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ń fa 1,000 ní wákàtí kan, èyí tó ní 3,000 yóò tàn fún bíi wákàtí mẹ́ta. Tèmi lo ìṣẹ́jú 50. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, kò tó 900.

Mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kó bá mi wọ̀n ọ́n: gíráàmù 28. Èyí tí ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yọ fún mi nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ wọn 45. Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ́kọ́ gbé bátìrì rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́. Bó bá fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, ẹ dá a padà fún onísọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà nínú ìsọ̀ tàn yín. Tọ́ọ̀ṣì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣeé dín kù ni kí ẹ béèrè, torí òun ló ń pẹ́. Tọ́ọ̀ṣì tó ní bátìrì onírin òjé nínú, tí a ń kì bọ iná lódindi, ẹ má jẹ́ kí iná inú rẹ̀ tán pátápátá kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò bàjẹ́ ni.

Olóòtú, ẹ bá wa bi àwọn tó ń kó bátìrì wọ̀lú pé kí ló dé tí wọn ò lè kọ òótọ́ sí i lára. Ká ní 800 ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, mẹ́ta ni n bá gbé dání lóru ọjọ́ náà.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí kan, Òkè Ògùn