Ògiri Berlin nìkan kọ́ o

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa ògiri Berlin, ó dùn-ún kà gan-an, àmọ́ ẹ ṣe é bí ẹni pé Berlin nìkan ni wọ́n ti fi ògiri pín èèyàn sí méjì ní Jámánì. Rárá o. Abúlé kan wà tó ń jẹ́ Mödlareuth, àwọn tó ń gbébẹ̀ ò ju bíi 50 lọ, àwọn náà jẹ nínú ìyà yẹn débi pé àwọn sójà Amẹ́ríkà ń pe ibẹ̀ ní Berlin Kékeré.

Odò Tannbach ló la abúlé náà láàárín, ẹ má sì rò pé odò ńlá ni o, ọmọdé lè fò ó kọjá kí bàtà ẹ̀ má tutù. Láti 1810 ni wọ́n ti ri òkúta ààlà síbẹ̀, apá kan jẹ́ ti Bavaria, ìkejì jẹ́ ti Reuss, ilẹ̀ kékeré kan tó padà bọ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ Thuringia, àmọ́ ta ló rí tiẹ̀ rò, iléèwé kan náà làwọn ọmọ wọn ń lọ, ilé ọtí kan náà làwọn bàbá ti ń mu bíà. Àfìgbà tí ogun Hitler parí, tí Amẹ́ríkà mú apá Bavaria, tí Rọ́ṣíà mú apá Thuringia. Ní 1952 ìjọba Jámánì ìlà-oòrùn, tó wà lápá Thuringia, fi pákó sé ọ̀nà, wáyà ẹlẹ́gùn-ún tẹ̀ lé e, ìgbà tó máa fi di 1966 wọ́n ti mọ ògiri kọnkéré, 700 mítà ní gígùn, ó ga ju mítà 3 lọ. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé àwọn tó wà lápá ìlà-oòrùn ò gbọ́dọ̀ juwọ́ sí ẹnikẹ́ni lódìkejì. Kí ẹ̀gbọ́n máa wo àbúrò ẹ̀ báyìí kó má lè kí i! Ẹni tó bá mọ iyì ìkíni á mọ̀ pé ìyẹn le ju ògiri lọ. Ní 1973 ọkùnrin kan sha gbé àkàbà ti ògiri yẹn, ó gùn ún, ó sá lọ sápá Bavaria.

December 9, 1989 ni wọ́n ṣí ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀, Berlin ti fi oṣù kan ṣáájú wọn. June 17, 1990 ni katapílà wá wó ògiri náà, àmọ́ wọ́n dá díẹ̀ sí. Ara ẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn nígbà tí mo lọ, torí wọ́n ti sọ ibẹ̀ di mùsíọ́ọ̀mù, ilé gogoro táwọn sójà fi ń ṣọ́ ààlà ṣì wà níta gbangba.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé títí dòní ìpínlẹ̀ méjì ṣì ni wọ́n, méyọ̀ méjì, kóòdù fóònù méjì, kódà ìkíni wọn yàtọ̀, ara Bavaria á ní “Grüß Gott”, ẹni tó wà lódìkejì odò á ní “Guten Tag”. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fò ó, mo ti gbàgbé èyí tó yẹ kí n fi dáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún máa kọ nípa Jámánì, ẹ fún abúlé yìí ní ojú ìwé kan. Ọkọ̀ ojú irin ò débẹ̀ o, ẹni tó bá fẹ́ lọ á bọ́ọ́lẹ̀ ní Hof, á wá wọ mọ́tò. Fọ́tò wà lórí fóònù mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ kí n fi ránṣẹ́.

Èmi òǹkàwé yín láti Nuremberg